Àkùkọ kọ nínú àpò mi níbi ìsìnkú: kí ló yẹ ká ṣe bí nǹkan bá ṣàdédé da ètò rú?

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, a lọ sí ìsìnkú ọ̀gá wa tẹ́lẹ̀ níbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká dìde fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àfi bí àpò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí àkùkọ. Àkùkọ gidi o, kòkòròkóòò! Álàmù tí ọmọ mi ṣètò sórí fóònù mi ni, ohùn tó sì wù ú ló fi sí i.

Kì í ṣe pé n kò múra. Mo ti fi fóònù náà sí àìdún lẹ́nu ọ̀nà, ojú mi ló ṣe. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo kan kọ́kọ́rọ́, mo kan aṣọ ìnujú, mo kan gbogbo nǹkan àyàfi fóònù. Kí n tó rí i pa, ó ti kọ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èjìká ẹnì kan níwájú mi ń gbọ̀n. Títí di báyìí mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, ṣé kí n lọ bẹ ìyàwó olóògbé ni, àbí kí n jẹ́ kó tán síbẹ̀? Èkejì, wọ́n ti fi èmi yìí kan náà sára àwọn tí yóò ṣètò ìpàdé ìrántí rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ (bóyá ìyà tí wọ́n fẹ́ fi jẹ mí nìyẹn). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí nírú àyè bẹ́ẹ̀, kí n lè mọ ohun tí n óò múra dè.

Ẹlẹ́rọ Ohùn

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ti kó sí pàkúté yìí. Àìdún tí ẹ fi í sí, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa ń pa lẹ́nu mọ́. Álàmù kò sí lára wọn, nítorí àwọn tó ṣe fóònù gbà pé ẹni tó ní kí wọ́n jí òun fẹ́ kí wọ́n jí òun lóòótọ́. Ipò ọkọ̀ òfuurufú (flight mode) náà kò ràn án. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ wọ inú aago fóònù, ẹ pa álàmù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ wá pa fóònù fúnra rẹ̀. Àwọn Nokia àtijọ́ mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n á tan ara wọn láti dún!

Ohun tó ṣe yín gan-an ló ṣe ọkùnrin kan ní New York lóṣù kìíní ọdún 2012. Iwájú pátápátá ló jókòó níbi tí ẹgbẹ́ olórin ńlá ìlú náà ti ń ṣeré, orin ti ń lọ sópin, ó ti rọ̀ débi pé èémí ni èèyàn ń gbọ́. Álàmù iPhone rẹ̀ bá dún, kò sì dákẹ́. Fóònù tuntun ni, ó ti fi í sí àìdún bíi tiyín. Olùdarí orin, Alan Gilbert, dá gbogbo ẹgbẹ́ olórin dúró, ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ń retí kí wọ́n pa á.

Òótọ́ Korò

Ẹ má bínú, mà, àmọ́ mi ò ní bá wọn ré yín lórí. Ẹni tó mú fóònù wọ ibi òkú mọ̀ pé ó lè dún. Lójú tèmi, kí atọ́kùn ètò ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde, kí gbogbo ilé rí i. Ìtìjú ẹnì kan á kọ́ igba èèyàn lọ́gbọ́n. Ṣebí olùdarí orin yẹn náà dá ètò dúró?

Atọ́kùn

Òótọ́ Korò, àbúrò mi, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tọ́kùn ètò ìsìnkú àti ìgbéyàwó, mo sì ti dán tìrẹ yìí wò lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ olóògbé ń ka lẹ́tà tó kọ sí bàbá rẹ̀. Fóònù ọkùnrin kan dún lẹ́yìn. Mo gba máìkì, mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà dìde kó ṣàlàyé fún wa. Ó dìde lóòótọ́. Ó ní ilé ìwòsàn ló ń pe òun, ìyàwó òun ń rọbí. Ilé dà rú! Àwọn kan ń kí i, àwọn kan ń bú mi, ẹnì kan tilẹ̀ ń béèrè bóyá ọmọ àkọ́kọ́ ni. Ọmọ tó ń kàwé dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò wò ó mọ́. Fóònù yẹn gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi gba ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ti olùdarí orin yẹn, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Kò lè máa bá a lọ nítorí fóònù náà kò dákẹ́. Ó béèrè bóyá wọ́n ti pa á, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó padà sẹ́yìn díẹ̀ nínú orin, ó sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà níjòkòó ló ń pariwo mọ́ ọkùnrin náà. Nígbà tí ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù lẹ́yìn náà, ó gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí rèé. Mi ò kàn ń sọ pé "ẹ pa fóònù yín" kí n sì kọjá lọ, torí gbogbo èèyàn ló máa ń rò pé aládùúgbò òun ni mò ń bá wí. Mo máa ń yọ tèmi jáde lójú wọn, màá ní "ẹ jẹ́ ká jọ pa á," màá pa á, màá sì dúró. Ìdúró yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí i tí ọwọ́ á máa wọ àpò kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kan àwọn tó ti búra pé àwọn ti pa á. Màá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ní kété ṣáájú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí àwọn tó pẹ́ dé kò sí níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Bí nǹkan bá wá dún náà, mi ò ní wo ibi tó ti dún. Ojú atọ́kùn ni gbogbo ilé ń tẹ̀ lé. Ibi tí mo bá wò ni wọ́n á wò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni màá tẹjú mọ́, màá mi orí sí i díẹ̀, kó mọ̀ pé a ń dúró dè é. Bí ó bá sọnù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, màá rọra sọ fún un pé kó tún gbólóhùn yẹn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni nǹkan bà jẹ́, ẹ má ṣe kéde pé ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Ẹ kàn fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kún un, kí ó lè parí pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe pẹ̀lú àkùkọ.

Ní ti ẹ̀bẹ̀: gbólóhùn méjì, ó tó. Ẹ̀bẹ̀ gígùn ló máa ń sọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ di ẹni tí yóò máa tu ẹlòmíràn nínú.

Ẹ̀rín Kèékèé

Ẹni tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n níwájú yín yẹn, mà, ẹ̀rín ni o. Mo mọ̀ nítorí èmi náà ti jẹ́ ẹni yẹn rí.

Ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni. Bàbá tó ń gbàdúrà sín, eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fò jáde, ó bọ́ sórí ìwé àdúrà. Bàbá mú un, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó dá a padà, ó ní "Àmín." Kò yí ohùn padà rárá! Bó ṣe jẹ́ pé kò ṣe bí ẹni pé nǹkan ṣẹlẹ̀ yẹn gan-an ló pa mí. Mo ṣe àṣìṣe ńlá: mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi kejì. A ti kú nìyẹn.

Ohun tí mo ti kọ́ láti ọjọ́ náà ni pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tí wọ́n jọ mọ ọ̀rọ̀. Wá nǹkan kan tí kò lẹ́mìí, bí ẹsẹ̀ àga, kí o tẹjú mọ́ ọn. Jẹ́ kí èémí jáde nímú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí pé bí o bá sé èémí, ńṣe ló máa bú jáde bíi fèrè. Máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún lọ́kàn: mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún... Nígbà tí o bá fi dé àádọ́rin ó lé méjì, ìṣirò á ti lé ẹ̀rín lọ. Bí ó bá kọ̀, tẹrí ba, fi aṣọ ìnujú bo ojú. Wọ́n á rò pé ò ń sunkún, ẹnì kan á tilẹ̀ fọwọ́ bà ọ́ léjìká. (Èyí náà máa ń dá kún ẹ̀rín, ẹ ṣọ́ra.)

Kì í ṣe àìní àánú. Ara tó ti le koránkorán láti àárọ̀ ló ń wá ibi tí yóò gbà tú.

Ẹlẹ́rọ Ohùn

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mo ń bá ọ ṣe é níbí, ó ti ń ṣiṣẹ́ lára mi.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ ti sọ̀rọ̀ fóònù tó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èèyàn tó ń ṣubú. Òun ló wọ́pọ̀ jù níbi tí wọ́n bá ti ní kí èèyàn dúró pẹ́, pàápàá nínú ooru, pàápàá àwọn tí kò jẹun. Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án 2022, nígbà tí wọ́n tẹ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì sílẹ̀ ní Westminster Hall. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yí pósí ká ṣubú lulẹ̀ gbọnrangandan, ojú ló fi lélẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní dídúró ni o. Àwọn tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ kàn yí kámẹ́rà sí ìta, wọ́n bójú tó o, ó tán.

Ohun tó ń fà á ni pé bí èèyàn bá dúró gbọin láìmira, ẹ̀jẹ̀ á sọ̀ sí ẹsẹ̀, èyí tó ń gòkè lọ sí ọpọlọ á dín kù. Nítorí náà, ẹ má ṣe na orúnkún gan-an. Ẹ máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà, ẹ máa fún iṣan ojúgun àti itan pọ̀, kẹ́ ẹ tú u. Kò sẹ́ni tó máa rí i. Bí ojú bá ń ṣókùnkùn, tí etí ń hó, tí òógùn tútù ń bọ́, ẹ jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ àárín àdúrà. Ìjókòó kò da ètò rú tó ìṣubú.

Bí ẹnì kan bá ti dákú, ẹ jẹ́ kó wà ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e dìde jókòó, ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu. Láàárín ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń lajú. Bí kò bá lajú, tàbí kò mí bó ṣe yẹ, ètò ti tán nìyẹn, ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn.

Bí ó bá jẹ́ wárápá ni, ẹ má ṣe dì í mú, ẹ má sì fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà jẹ́ ṣíbí, ìbáà jẹ́ ìka. Ẹ kó àga kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Bí ó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Tó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Èèyàn méjì péré ló ń ṣe gbogbo èyí. Àwọn ogún tó kù tí wọ́n máa ń yí aláìsàn ká, ẹ ní kí wọ́n jókòó.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìtàn ni mo mọ̀.

Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 1961, wọ́n ń búra fún John Kennedy gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Amẹ́ríkà. Kádínà Cushing wà lórí àdúrà, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde nínú pẹpẹ ìsọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Wáyà kan ló jó nísàlẹ̀. Kádínà kò dá àdúrà dúró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń rákòrò wá wáyà náà kiri lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kété lẹ́yìn náà, akéwì Robert Frost, ẹni ọdún 86, gòkè wá láti ka ewì tuntun tó kọ fún ọjọ́ náà. Oòrùn àti yìnyín fi ìmọ́lẹ̀ gún un lójú, kò rí ìwé kà. Igbákejì ààrẹ fi fìlà ṣíji bò ó, kò tó. Bàbá arúgbó pa ìwé tì, ó sì ka ewì rẹ̀ àtijọ́ kan tó wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Àdùkẹ́, ẹ sọ fún àwọn tó máa sọ̀rọ̀ níbi ìrántí yín kí wọ́n ní ohun kúkurú kan lórí. Iná lè lọ, awò ojú lè fọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìbúra fúnra rẹ̀ ló dàrú, ẹ tún un ṣe níbi tí kò sí èrò. Ní 2009, adájọ́ àgbà ṣi ọ̀rọ̀ tò fún Barack Obama lójú gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ìbúra náà ṣe nínú yàrá kan ní White House, ó parí.

Ti Pọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ràn jù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Ó wàásù títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Eutiku, jókòó lójú fèrèsé, oorun gbé e lọ, ó já bọ́ láti òkè kẹta. Pọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ní kí wọ́n má dààmú, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sókè, ó sì tún sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́! Èmi ìbá ti jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọmọ Ààfáà

Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Tiwa náà wà níbẹ̀. Ànọ́bì máa ń dìde láti kírun pẹ̀lú èrò pé òun fẹ́ mú un gùn. Bí ó bá gbọ́ igbe ọmọ kékeré, á gé e kúrú, kí ara má bàa ni ìyá ọmọ náà. Ọmọ ò kúrò nínú yàrá. Ẹni tó wà níwájú ló tún ètò rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ẹ fi ìjókòó díẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà fún àwọn tó gbé ọmọ wá, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé ibẹ̀ ni tiwọn. Bí ọmọ bá ké, ìyá á dìde láìkọjá níwájú ọgbọ̀n èèyàn. Ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo ìyá ọmọ ló burú ju igbe lọ.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù

Ìgbéyàwó ni mo mọ̀ sí. Ìbéèrè yẹn, pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ ká so àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ má ṣe fi í ṣeré. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó bá pariwo "èmi mọ̀ ọ́n!" láti dẹ́rìn-ín pa èèyàn, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá ètò dúró kó wádìí rẹ̀. Mo ti rí ìyàwó tó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn fún ìdajì wákàtí, àtíkè ń ṣàn lójú rẹ̀, nítorí ẹnu àìmẹ́nu.

Bí ẹni náà kò bá ṣeré, a kì í jiyàn níwájú èrò. A máa pè é wọ yàrá. Bóyá ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lábẹ́ òfin, bóyá wọ́n jẹ́ ẹbí tímọ́tímọ́, bóyá ọjọ́ orí kò tíì tó, bóyá wọ́n fipá mú ẹnì kan: ohun tí òfin ń gbọ́ nìyẹn. "Èmi ló kọ́kọ́ fẹ́ ẹ" kò sí lára wọn.

Mojí Orí Ẹ̀rọ

Bí ẹ bá máa gbé ìrántí yín sórí Zoom fún àwọn tó wà lókè òkun, kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa pa máìkì àwọn èèyàn lọ. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń wọlé ni máìkì wọn á ti wà ní pípa. Ní 2020, nígbà tí gbogbo wa ń sìnkú lórí ẹ̀rọ, mo gbọ́ tí ìbátan wa kan ń na ọkọ rẹ̀ lọ́rọ̀ nípa owó láàárín orin ìdágbére. Gbogbo ẹbí ló ti mọ iye owó náà báyìí.

Ẹlẹ́rọ Ohùn

Ẹ jẹ́ kí n fi ti máìkì kún un. Bí ó bá ń súfèé, ohùn tó ń jáde nínú sípíkà ló ń padà wọ inú máìkì tó sì ń yí po. Ẹ má ṣe fọwọ́ bo orí rẹ̀, ńṣe ló máa ń burú sí i. Ẹ kúrò níwájú sípíkà, ẹ jẹ́ kí máìkì sún mọ́ ẹnu, kẹ́ ẹ dín ohùn kù. Ẹ dán an wò kí èrò tó dé.

Òótọ́ Korò

Ó dáa, mo gbà fún Atọ́kùn lórí ti ìdìde yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtípara tó wá ń pariwo ńkọ́? Òun náà, ká máa wò ó?

Atọ́kùn

Rárá o. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ṣáájú ètò, ẹ bi ẹbí léèrè bóyá ẹnì kan wà tí wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ẹnì kan tí onítọ̀hún bọ̀wọ̀ fún, kó jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dìde, ẹni yẹn á di apá rẹ̀ mú bí ọ̀rẹ́, á ní "ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ níta, mo fẹ́ gbọ́ ọ." Kó sì gbọ́ ọ lóòótọ́ tí wọ́n bá dé ìta. Bí ẹ bá rán géńdé mẹ́ta sí i, ìjà lẹ rán.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti pe ìyàwó olóògbé lálẹ́ àná. Gbólóhùn méjì péré, bí Atọ́kùn ṣe wí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé tìrẹ ni? Mo rò pé tèmi ni. Mo ń fi ẹsẹ̀ ti báàgì mi wọ abẹ́ àga." A jọ rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó sunkún díẹ̀, mo sì dúró sórí ìlà títí ó fi sọ pé kí n lọ sùn.

Mo ti kọ gbogbo ìmọ̀ràn yín sílẹ̀ fún ìrántí. Mo ti yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ Zoom.

Ẹlẹ́rọ Ohùn

Àkùkọ yẹn ńkọ́, mà? Ṣé ẹ ti pa á?

Ìyá Àdùkẹ́

Mo ti pa á. Mo wá rí i pé méje ni wọ́n. Mo ṣì ń wá bí wọ́n ṣe ń pa èyí tó ń dún bí ewúrẹ́.